Bí mo ṣe ń gbin àlùbọ́sà láti inú irúgbìn lẹ́yìnkùlé mi ní Mọ́níyà

Ọjọ́ kejì Oṣù Kẹwàá ni mo máa ń da irúgbìn àlùbọ́sà mi sílẹ̀ lọ́dọọdún. Ìṣirò ló gbé mi dé ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn ìgbà méjì tí mo ti fi omi, ìgbẹ́ adìyẹ àti agbára mi tọ́jú ewé lásán. Bí gbogbo ohun tí mo máa kọ síbí bá fò yín ru, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn fò yín, torí òun gan-an ni mo fẹ́ sọ. Àlàyé rẹ̀ ni ìyókù.

Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mọ́níyà ni mò ń gbé, ní Ìbàdàn, ẹ̀yìnkùlé mi kò sì ju àyè ọkọ̀ méjì lọ: igi ọsàn kan, okùn tí mo ń sá aṣọ sí, àti ebè pẹrẹsẹ kan tí mo fi àlòkù búlọ́ọ̀kù yí ká. Oṣù Kejì ọdún 2021 ni ọ̀rọ̀ àlùbọ́sà wọ̀ mí lára. Ẹ ó rántí ìjà tó ṣẹlẹ̀ láàárín Yorùbá àti Hausa ní ọjà Ṣáṣá, ní Ìbàdàn níbí, nígbà náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù bọ̀ láti Òkè Ọya dá ọkọ̀ wọn dúró, tí ohunkóhun kò wọlé sí ìhà gúúsù fún ọjọ́ mélòó kan. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sọ́jà, mo bá obìnrin kan tó ń la orí àlùbọ́sà kan sí mẹ́rin kí ó tó lè rí ẹni rà á. Mo padà sílé, mo wo ẹ̀yìnkùlé mi tó kún fún koríko, inú mi ò dùn sí ara mi.

Gbogbo ẹni tí mo sọ fún pé mo fẹ́ gbin àlùbọ́sà ló ń sọ fún mi pé àlùbọ́sà kì í ta, pé ìdí rẹ̀ kì í wú, nílẹ̀ Yorùbá. Bàbá kan wà ní Ṣáṣá tí mo ti ń ra àlùbọ́sà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ Aliero ni, ní ìpínlẹ̀ Kebbi, ìlú tí àlùbọ́sà jẹ́ iṣẹ́ àti òwò fún tọmọdé tàgbà. Nígbà tí nǹkan ti rọlẹ̀, tí ó ti padà sídìí ọjà rẹ̀, mo bi í léèrè bóyá òótọ́ ni ohun tí àwọn èèyàn ń sọ.

Ó ní, “Ìyá, ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ilẹ̀ kọ́. Òjò ni. Lọ́dọ̀ wa, òjò á ti lọ pátápátá ká tó gbé e sínú oko. Omi tó bá wù wá là ń fún un. Ẹ̀yin, ẹ kì í jẹ́ kí òjò lọ tán.”

Èmi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ tiẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ náà: àlùbọ́sà tí à ń pè é yìí, ọ̀dọ̀ Hausa la ti mú un, “albasa” ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì mú tiwọn láti inú èdè Lárúbáwá. Nígbà tí oúnjẹ bá rìn jìnnà bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ó yẹ ká béèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ níbi tó ti wá.

Ẹ wá wo ìṣirò náà. Láti ọjọ́ tí irúgbìn àlùbọ́sà bá wọlẹ̀ títí di ọjọ́ tí a ó wú u, ó ń lò tó oṣù márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀rùn wa ní Ìbàdàn kò sì pé oṣù márùn-ún. Òjò máa ń lọ ní ìparí Oṣù Kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kọkànlá, Oṣù Kẹta ló sì ń padà. Tí òjò bá bá àlùbọ́sà tó ti ta lórí ilẹ̀, omi á wọ ọrùn rẹ̀, á sì jẹrà láti inú. Tí òjò bá ń pa ewé rẹ̀ lójoojúmọ́, àbàwọ́n aláwọ̀ àlùkò á yọ sí i, á máa fẹ̀, ewé á sì dà wó. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ méje àkọ́kọ́, nígbà tí àlùbọ́sà ṣì tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, la gbọ́dọ̀ jí gbà lọ́wọ́ òjò, kí a tọ́ ọ lábẹ́ òrùlé. Oṣù mẹ́ta àbọ̀ tó kù ni ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdí Oṣù Kẹwàá nìyẹn. Ẹ ka ọjọ́ sẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹta, ẹ ó dé ibẹ̀.

Èmi ò mọ èyí ní 2021. Oṣù Kẹrin ni mo fi ìkánjú gbìn ín, bí ẹni ń gbin àgbàdo. Òjò Oṣù Kẹfà ló parí rẹ̀. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, mo tún un ṣe, àsìkò ti tọ̀nà wàyí, ṣùgbọ́n irúgbìn ni kò tọ̀nà.

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní London ló fi ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ìfẹ́. Ailsa Craig ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, àwòrán àlùbọ́sà tó wà lára rẹ̀ tó orí ọmọ ìkókó. Ó hù dáadáa. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ó ga, àwọn aládùúgbò ń kí mi kú iṣẹ́. Oṣù Kìíní dé, Oṣù Kejì dé, mo ń dúró kí ó ta. Ní ọjọ́ kan mo hú ẹyọ kan wò, ìdí rẹ̀ kò tó àtàǹpàkò mi. Ewé la jẹ ní gbogbo ọdún yẹn.

Àlùbọ́sà máa ń ka wákàtí ìmọ́lẹ̀. Ohun tó ń sọ fún un pé ó tó àkókò láti dáwọ́ ewé dúró, kí ó máa wú nídìí, ni bí ojúmọ́ ṣe gùn tó. Irú èyí tí wọ́n ń gbìn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń retí ojúmọ́ tó gùn tó wákàtí 14 sí 16 kí ó tó bẹ̀rẹ̀. London ní irú ojúmọ́ bẹ́ẹ̀, torí ní Oṣù Kẹfà oòrùn wọn máa ń ju wákàtí 16 lọ lójú ọ̀run. Ní Ìbàdàn, ojúmọ́ wa tó gùn jù lọ lọ́dún jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 12 àbọ̀, èyí tó kúrú jù sì lé díẹ̀ ní wákàtí 11 àbọ̀. Ailsa Craig ìbá dúró lẹ́yìnkùlé mi fún ọdún mẹ́wàá, kò ní gbọ́ ìpè tó ń retí. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò lókè òkun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi owó irúgbìn àlùbọ́sà ra nǹkan mìíràn.

Irú tó bá ojúmọ́ kúkúrú mu ni ẹ máa béèrè. Èyí tí mo ń lò jù ni Red Creole, pupa ni, ó ta lẹ́nu, ó sì ń pẹ́ nílé. Violet de Galmi náà dára gan-an. Ìlú Galmi ní orílẹ̀-èdè Niger ni wọ́n fi sọ ọ́, ọmọ ooru ni bíi tiwa. Texas Grano máa ń tóbi, ó dùn, kò ta lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́, torí náà èmi kì í gbìn ín ju ìlà kan lọ, fún àlùbọ́sà tí a ó jẹ ní tútù.

Kí ẹ tó ra irúgbìn, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Irúgbìn àlùbọ́sà kì í pẹ́ kú. Ọdún kan, ó dára. Ọdún kejì, ìdajì lè má hù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má ṣe ara yín ní wàhálà. Mo ti ra èyí tí wọ́n wọ̀n fún mi nínú ọ̀rá láìsí déètì rí, mo dá gíráàmù méjì sílẹ̀, èyí tó hù kò tó ogún. Láti ìgbà náà ni mo ti ń dán an wò kí ó tó wọlẹ̀. Mo máa ń ka 20 sórí tíṣù tútù, mo máa ká a, mo máa fi sínú ọ̀rá, mo sì máa gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù ní ilé ìdáná. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, mo máa tú u. Tí 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá ti yọ ẹnu funfun, irúgbìn dára. Tí kò bá tó 10, ẹ padà lọ sọ fún ẹni tó tà á fún yín. Ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹsàn-án ni mo máa ń ṣe èyí, kí àyè lè wà láti wá òmíràn.

Gíráàmù kan tó fún ẹ̀yìnkùlé. Ó tó 250 sí 300 hóró nínú rẹ̀, dúdú kirimú, onígun mẹ́ta, ó dà bí ẹ̀tù ìbọn.

Báàfù ike ńlá méjì ni mo fi ń ṣe ibi tí mo ti ń tọ́ ọ, àwọn tó ti sán tí a ò lè fi fọ aṣọ mọ́. Mo lu ihò mẹ́wàá sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó jẹ́ kí n yan báàfù ni pé mo lè gbé e sábẹ́ òrùlé nígbà tí òjò bá ṣú, kí n tún gbé e jáde sí oòrùn àárọ̀. Ẹni tó bá ní àyè lè ṣe ebè kékeré kan kí ó fi ọ̀rá funfun ṣe òrùlé lé e lórí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ilẹ̀dú ìwọ̀n méjì, ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa ìwọ̀n kan, yanrìn odò ìwọ̀n kan: mo pò wọ́n pọ̀, mo sẹ́ wọn kúrò lára òkúta. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń da omi híhó gbígbóná lé e lórí títí yóò fi rin délẹ̀, tí mo sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Omi gbígbóná yẹn ló ń pa ohun tó máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ irúgbìn dùbúlẹ̀ lójijì lówùúrọ̀, ìdí wọn á rọ̀, á tín-ín-rín bí òwú, wọ́n á sì ṣubú. Mo ti rí i tó pa báàfù odindi kan láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Ìgbẹ́ adìyẹ tí mo ń wí yìí, kò gbọdọ̀ jẹ́ tuntun. Tí ó bá ṣì ń rùn tó ń ta imú, tàbí tí ẹ bá tẹ ọwọ́ bọ inú òkìtì rẹ̀ tí ó gbóná, ẹ fi í sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo máa ń fún tèmi, nínú àpò tí mo ti dà á sí, lábẹ́ igi ọsàn.

Ọjọ́ kejì Oṣù Kẹwàá dé. Mo fi ẹ̀yìn ṣíbí fa ìlà sínú erùpẹ̀ báàfù, jíjìn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, tó ìwọ̀n èékánná ọmọ ìka mi. Mo máa ń da irúgbìn sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, mo sì máa ń fi ìka méjì wọ́n ọn sínú ìlà, wọn kò sún mọ́ra jù, wọn kò sì jìnnà. Erùpẹ̀ tí a sẹ́ dáadáa ni mo fi ń bò ó, mo sì máa ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, torí tí irúgbìn kò bá fara kan ilẹ̀, kò ní hù. Agolo mílíìkì tí mo fi ìṣó lu nídìí ni mo fi ń wọ́n omi sí i, kí ìrọ́lù omi má baà hú u. Mo tẹ́ koríko gbígbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, mo wọ́n eérú yí ká ìdí báàfù. Èèrà fẹ́ràn irúgbìn àlùbọ́sà ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Láàárín ọjọ́ mẹ́fà sí mẹ́wàá, ẹ ó rí i. Kì í yọ lóròó. Ó máa ń ká kò bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ̀ láàárín, orí rẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀ pẹ̀lú èèpo irúgbìn dúdú. Ọmọ ọmọ mi fẹ́ máa fi ìka nà án tọ́. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Òun fúnra rẹ̀ yóò fa orí rẹ̀ yọ lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ẹni tó bá bá a fà á, já ló máa já. Ọjọ́ tí ẹ bá rí èyí tó kọ́kọ́ yọ ni kí ẹ kó koríko orí rẹ̀ kúrò, tí ó bá pẹ́ lábẹ́ koríko, yóò ga, yóò sì rọ.

Láti ìgbà náà, ìtọ́jú rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ìgbàgbé. Àárọ̀ ni ẹ bomi rin ín, kí ewé tó wọ òru ní gbígbẹ. Ẹ fún un ní oòrùn tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Tí wọ́n bá há mọ́ra, ẹ já díẹ̀ kúrò, ẹ fi dín ẹyin. Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ gbé e lọ sí ebè, ẹ dín omi kù, ẹ jẹ́ kí òkè ilẹ̀ gbẹ kí ẹ tó tún fún un. Ó ń mú kí ara wọn le.

Ní nǹkan bí ogúnjọ́ Oṣù Kọkànlá, wọ́n á ti pé ọ̀sẹ̀ méje. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni mo ń wò. Ìdí rẹ̀ ni mo máa ń wò: kí ó nípọn tó pẹ́ńsù, tàbí kí ó kéré díẹ̀ sí i, kí ewé mẹ́ta wà lórí rẹ̀, kí gígùn rẹ̀ sì tó ìnà ọwọ́ kan láti àtàǹpàkò dé ọmọ ìka. Èyí tó bá tín-ín-rín bí òwú, ẹ fi sílẹ̀ sínú báàfù di ewé ọbẹ̀.

Ebè mi gùn ní mítà mẹ́ta, ó fẹ̀ ní mítà kan àti díẹ̀. Mo gbé e sókè tó búlọ́ọ̀kù kan kí omi má baà dúró sínú rẹ̀. Ilẹ̀ Mọ́níyà tó wà lẹ́yìn ilé mi le bí amọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bẹ́ẹ̀ àlùbọ́sà kò lè fi agbára ti ilẹ̀ líle. Mo ti fi yanrìn, ìgbẹ́ adìyẹ àti ewé jíjẹrà tú u ní ọdún mẹ́ta báyìí, ọkọ́ ń wọ ọ́ dẹ̀dẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó gbìn, mo tún máa ń da ìgbẹ́ tó ti jẹrà sí i, tó garawa méjì, pẹ̀lú agolo eérú igi mẹ́ta, mo sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ gbé e, lẹ́yìn aago márùn-ún, nígbà tí oòrùn ti rọlẹ̀. Lálẹ́ àná rẹ̀ ni kí ẹ ti fi omi rin báàfù dáadáa kí gbòǹgbò má baà já. Mo máa ń fi ṣíbí wa á, mi ò kí ń fà á. Sẹ̀ǹtímítà 10 ló wà láàárín àlùbọ́sà kan sí èkejì lórí ìlà, 20 láàárín ìlà sí ìlà. Ìlà mẹ́fà, 30 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, 180 nìyẹn. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe ni jíjìn rẹ̀. À ń ro pé bí nǹkan bá ṣe wọlẹ̀ tó ni yóò ṣe ta tó, nítorí iṣu la mọ̀. Orí ilẹ̀ ni àlùbọ́sà ti ń ta. Ẹ bo gbòǹgbò rẹ̀ àti ibi funfun díẹ̀ nìkan, tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Tí ẹ bá sin ín, yóò gùn bí ìka dípò kí ó rí rìbìtì.

Fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á dùbúlẹ̀ bí òkú. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò wọ́n lọ́sàn-án, ẹ bomi rin wọ́n, wọ́n á dìde.

Nígbà tí ọyẹ́ bá wá dé, omi ni gbogbo iṣẹ́. Gbòǹgbò àlùbọ́sà kò jìn, òkè ilẹ̀ ló wà, ọyẹ́ sì máa ń fa omi òkè ilẹ̀ gbẹ láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Garawa 20 lítà kan lójúmọ́ ni mo ń fún ebè mi ní Oṣù Kejìlá àti Oṣù Kìíní. Tí kànga bá gbẹ, omi tí mo fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ ni mo ń kó jọ fún un, kì í ṣe omi ọṣẹ. Mo tẹ́ koríko gbígbẹ sáàárín àwọn ìlà kí ilẹ̀ má baà gbóná. Koríko tútù tó bá sì hù, ọwọ́ ni kí ẹ fi tu ú nígbà tí ó ṣì kéré. Ewé àlùbọ́sà dúró ṣánṣán, kò ní òjìji tó lè fi pa koríko, koríko yóò sì jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán. Ẹ má fi ọkọ́ sún mọ́ ọn, ẹ ó gé gbòǹgbò rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn gbígbìn, mo tún máa ń fi ìgbẹ́ jíjẹrà sáàárín ìlà, tàbí ẹ̀kúnwọ́ kan ajílẹ̀ NPK 15-15-15 fún ebè odindi, kò gbọdọ̀ kan ara ewé. Mo tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ṣíwọ́. Ẹni tó bá ń fún un ní oúnjẹ lẹ́yìn tó ti ń wú, ọrùn rẹ̀ á nípọn, kò ní fẹ́ gbẹ, á sì jẹrà nílé.

Mo fẹ́ bẹ̀ yín nípa ewé. Ewé àlùbọ́sà máa ń wuni, ọbẹ̀ ẹyin máa ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ré ewé èyí tí ẹ fẹ́ kí ó ta. Ìdí ewé kọ̀ọ̀kan ló ń nípọn di ìpele kan nínú àlùbọ́sà. Ẹ gé àlùbọ́sà ní ìdábùú, gbogbo òrùka tí ẹ rí yẹn, ìdí ewé ni. Ọmọ ọmọ mi ka ewé ọ̀kan lórí ebè títí dé mẹ́sàn-án, ó sì béèrè pé, “Màmá, ṣé òrùka mẹ́sàn-án ló máa wà nínú ẹ̀?” Nígbà ìkórè a gé e wò pọ̀. Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ó fẹ́ kí a gé gbogbo rẹ̀.

Kòkòrò kan wà tí ọyẹ́ máa ń gbé wá. Tín-ín-tín ni, aláwọ̀ ìyeyè, ojú mi kò tiẹ̀ rí i láìfi awò sójú. Inú kọ̀rọ̀ níbi tí ewé ti pàdé ara wọn ló ń sá sí, ó ń fa omi ewé mu, ewé á wá ṣe funfun ní ìlà ìlà bí ẹni fi fàdákà kùn ún. Ní kété tí mo bá rí fàdákà yẹn, mo máa ń wá ewé dóńgóyárò kíló kan, mo gún un, mo rẹ ẹ́ sínú omi lítà márùn-ún mọ́jú. Mo sẹ́ ẹ, mo pò ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn kí ó lè lẹ̀ mọ́ ewé, mo sì fín in sí inú kọ̀rọ̀ yẹn gan-an ní ìrọ̀lẹ́, torí oòrùn máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ní ìgbà mẹ́ta. Adìyẹ aládùúgbò ló tún kù, èyí tí àwọ̀n nìkan lè yanjú.

Láti àárín Oṣù Kìíní, ẹ ó rí i tí ilẹ̀ ń là nídìí rẹ̀. Ìdùnnú ọjọ́ yẹn, mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Èjìká rẹ̀ á yọ, pupa, ó ń dán. Ẹ má wa erùpẹ̀ bò ó. Èmi tiẹ̀ máa ń fi ìka há erùpẹ̀ kúrò lára rẹ̀ díẹ̀, kí ìdajì rẹ̀ lè wà lójú afẹ́fẹ́.

Ní ìparí Oṣù Kejì, ọrùn wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ewé á máa wó lulẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí tó ìdajì bá ti wó, ẹ dá omi dúró pátá. Ẹ má wò ó pé ó ń gbẹ, kí àánú má ṣe yín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ wú u ní àárọ̀ ọjọ́ tí oòrùn mú. Tí ọ̀wààrà òjò bá fẹ́ ṣáájú yín, tí ẹ rí i tí ó ṣú ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹta, ẹ wú u kí òjò náà tó rọ̀, bí ó tilẹ̀ ku díẹ̀ kí ewé gbẹ tán. Mo wú tèmi pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì lálẹ́ ọjọ́ kan ní 2023, òjò dé ní aago méjì òru. Nínú 180 tí mo gbìn lọ́dún yẹn, 151 ni mo kó, ó wọn kíló 12 àti díẹ̀. Èyí tó tóbi jù lọ kún àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo gbé márùn-ún lọ fún bàbá alálùbọ́sà mi ní Ṣáṣá. Ó yí ọ̀kan sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn rẹ̀, ó ní, “Ó gbẹ.” Ẹni tó mọ àlùbọ́sà ló mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe tóbi tó.

Gbígbẹ yẹn ń gba ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má gé ewé rẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́. Mo máa ń tò ó sórí ẹní ọparun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá tí oòrùn kò sì pa á ní tààrà, torí oòrùn Oṣù Kẹta lè sè é. Ọjọ́ méjì méjì ni mo ń yí i. Nígbà tí ọrùn rẹ̀ bá ti gbẹ bí okùn, tí èèpo rẹ̀ sì ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí ẹ bá fọwọ́ rà á, ẹ gé ewé kúrò, ẹ fi ọrùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sílẹ̀. Èyí tí ọkọ́ ti kan, tàbí tí ọrùn rẹ̀ nípọn, ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ìyókù, inú àpò àwọ̀n tàbí apẹ̀rẹ̀ ni, kí ẹ gbé e kọ́. Ọ̀rá kò dára, fíríìjì kò dára, ẹ má sì kó o pọ̀ mọ́ ànàmọ́. Red Creole mi máa ń dé Oṣù Kẹfà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hù, nínú ọ̀rinrin tiwa níbí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni mo ń tú u yẹ̀ wò, torí ẹyọ kan tó bá jẹrà lè kó bá gbogbo àpò.

Àwọn èèyàn máa ń béèrè bóyá mo ń gba irúgbìn tèmi. Rárá. Òtútù ló ń mú kí àlùbọ́sà yọ òdòdó, òtútù gidi tó pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ọyẹ́ Ìbàdàn kò sì tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá kù nínú páálí lẹ́yìn tí mo ti gbìn tán, mo máa ń dà á sínú ìgò kékeré pẹ̀lú ìrẹsì tí mo ti yan gbẹ, mo dé e pinpin, mo lẹ ọdún mọ́ ọn lára, mo sì fi í sí ìsàlẹ̀ fíríìjì, kí n fi tún ti àlàfo ọdún tó ń bọ̀. Tuntun ni mo máa ń rà ní Oṣù Kẹjọ, kí n lè ka 20 sórí tíṣù ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹsàn-án, kí ọjọ́ kejì Oṣù Kẹwàá sì bá báàfù mi ní ìmúrasílẹ̀ lábẹ́ òrùlé.